Èso Tí A Fi Sílẹ̀ Fún Ẹyẹ

Oṣù kọkànlá ni, ní Jincheon. Yìnyín wínníwínní wà lórí ilẹ̀.
Lẹ́yìn ọgbà wa àwọn obìnrin ń fi iyọ̀ pa kábéèjì
tí wọn óò máa jẹ títí òtútù yóò fi lọ.
Nínú ilé, Pyo Geum-sil jókòó ti kọ̀ǹpútà,
ó ń ka ọdún tí kò tíì dé
bí ẹni ń ka owó tó fẹ́ yá àna rẹ̀.

Ojú kan wà lókè wa, ẹgbàá méjìdínlógún kìlómítà,
tí kì í yọ, tí kì í wọ̀.
Ó ń bá ayé yí, ẹsẹ̀ ń tẹ̀lé ẹsẹ̀,
ìdí nìyẹn tó fi jọ pé ó dúró.
Ṣùgbọ́n ìdúró yẹn, iṣẹ́ ni.
Oṣùpá ń fà á síhìn-ín, oòrùn ń fà á sọ́hùn-ún,
ẹni tó bá fẹ́ dúró láàárín àgbà méjì tó ń fa nǹkan
yóò máa náwó.
Epo ni owó tirẹ̀,
kò sì sí ilé epo lójú ọ̀nà yẹn.

"Dong-ha, mú pẹ́ńsù. Kọ ọ́.
Ọdún méje sí i, èyí á rẹ̀ ẹ́.
Kó tó rẹ̀ ẹ́, àbúrò rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wà níbẹ̀,
kó dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó máa fi ojú kan sùn.
Ká tó kan àbúrò, ọdún mẹ́jọ.
Ká tó rí owó tí a ó fi kàn án, ọdún mẹ́ta ẹ̀bẹ̀."
Mo rò ó pọ̀. Mo tún un rò.
"Ọ̀gá, a ti pẹ́ nìyẹn."
Ó rẹ́rìn-ín. "Ọjọ́ tí mo dé ibí ni a ti pẹ́."

Ọ̀gbẹ́ni Tak wá láti ilé-iṣẹ́ ìṣúná, bàtà rẹ̀ ń dán.
"Èyí tó wà lókè, ṣé ó bàjẹ́ ni?"
"Rárá."
"Kí ló wá dé tí ẹ fi ń tọrọ òmíràn?"
Ọ̀gá ò fèsì. Ó tẹ bọ́tìnì kan:
ìjì oṣù kẹjọ yọ, ó ká bí ìgbín,
ihò dúdú kan ṣoṣo láàárín rẹ̀.
Ó fi ìka tọ́ etí àwòrán, níbi tí Geomundo wà,
níbi tí ọkọ̀ apẹja kankan kò sí lójú omi lálẹ́ ọjọ́ náà.
"Wọ́n ti mọ̀ láti ìjẹta," ló wí.
Ọ̀gbẹ́ni Tak wo òkun tó ṣófo, ó pẹ́ díẹ̀
kó tó mu tíì rẹ̀.

Ìlà igba ó lé méjìlá, àwọ̀ pupa ló fi kùn ún:
kílò mọ́kànlá epo, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.
Ìjì ì báà máa bọ̀. Mínísítà ì báà kúnlẹ̀.
Epo ìkẹyìn ni,
èyí tí arúgbó yóò fi gun ọ̀ọ́dúnrún kìlómítà sí i,
kó lọ kú sí ibi tí òkú rẹ̀ ò ti ní dí ẹnikẹ́ni lọ́nà,
kí ìjókòó lè ṣófo fún ẹni tó ń bọ̀.

Lójú fèrèsé, bàbá Gu ń fi ọ̀pá gígùn ká èso gámù.
Ó ká, ó ká, ó dé ṣóńṣó igi, ó dáwọ́ dúró.
Márùn-ún ló fi sílẹ̀. Ti ẹyẹ káṣì ni,
bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi àgbà náà ń ṣe.

Oṣù kejì ni Geum-sil ń fẹ̀yìn tì.
Nínú ìwé ètò, níwájú ọdún 2058,
àyè wà fún orúkọ ẹni tí yóò máa bójú tó o.
Kò kọ nǹkan kan síbẹ̀. Èmi náà ò kọ.
Ẹyẹ kan bà sórí igi, ó jẹ ọ̀kan, ó fò lọ.
Mo ka èyí tó kù.